Ọgbà Akòkò àti Ògiri Amọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, lóde òní, sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù ló máa ń wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ amọ̀ pupa tí àwọn baba wa fi mọ odi ìlú ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ọgbọ́n wọn hàn kedere: wọ́n gbẹ́ yàrà, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ odi, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fún ìlú ní ààbò méjì.

Igi tó ń yè lára ilé ló jẹ mí lógún jù. Òpó gbígbẹ tí a bá rì mọ́lẹ̀, ikán á jẹ ẹ́, ọ̀rinrin á sì mú un rà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ẹ̀ka akòkò, pèrègún tàbí ìyeyè ní tútù, tí a sì rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á ta gbòǹgbò, á rúwé, ọgbà náà á sì máa le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Gbòǹgbò rẹ̀ á di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà gbá erùpẹ̀ agboolé lọ, òjìji rẹ̀ á sì mú kí ògiri tutù lọ́sàn-án. Níbi tí ewúrẹ́ bá pọ̀ sí, làpálàpá ni kí a gbìn, nítorí ẹran kì í jẹ ewé rẹ̀.

Ní Meghalaya ní Íńdíà, àwọn ará Khasi ń fi irú ọgbọ́n yìí ṣe afárá. Wọ́n á da gbòǹgbò igi kan tó bá ọdán wa tan kọjá lórí odò, wọ́n á sì máa tọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí yóò fi lè gbé ènìyàn.

Ní ti ògiri amọ̀, omi ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ yangí, tí etí òrùlé yọ síta dáadáa, tí a sì ń tún un rẹ́ lẹ́yìn òjò, ọmọ-ọmọ ẹni tó mọ ọ́n lè gbé inú rẹ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rinrin tó há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì kì í rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á sì máa rọ̀ láti inú. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná tó 1,450°C kí ó tó wáyé; oòrùn lásán ló ń mú amọ̀ gbẹ.

Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ọmọ Gando ní Burkina Faso, fi amọ̀ tí a da sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ṣe bíríkì ilé ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀, èyí tí ó parí ní 2001, ó sì gbé páànù ga sókè kúrò lórí àjà bíríkì kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, òun náà ló sì ya àwòrán ilé aṣòfin Benin tuntun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ó gbé kalẹ̀ bí igi tí àwọn àgbà ń ṣe àpérò lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọgbọ́n yìí dé ilé mẹ̀kúnnù pẹ̀lú: kí àwọn mọlémọlé àgbà tó ṣì kù ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ rí ọ̀dọ́ kọ́ níṣẹ́, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa sì fi akòkò ṣe ọgbà dípò bíríkì, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òjò tó ń bọ̀.