Láàbù etí òkun: pọ́ǹpù ló ṣáájú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ kíláàsì mi n'Íjẹ̀bú Òde ló bi mí pé kí ló ń bẹ nínú láàbù àwọn tó ń ṣèwádìí òkun, ọkàn wọn lọ sí maikirosíkóòpù, mo ní pọ́ǹpù àti páìpù ló ṣáájú.

Omi òkun ní tó gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílò kan, ẹ mú ẹja òkun kẹ́ ẹ jù ú sínú omi kànga, kò ní pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa omi látinú òkun tọ̀sán-tòru, á gba inú yanrìn tó ń sẹ́ ẹ, á bọ́ sí táǹkì, á tún ṣàn padà. Páìpù oníke ni o, torí iyọ̀ ń jẹ irin. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarahun máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, wọ́n á máa dàgbà síbẹ̀ títí wọ́n á fi dí i, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láàbù ṣe ń ri páìpù méjì, tí wọ́n bá ń lo ọ̀kan, wọ́n á ti èkejì pa tomi-tomi, ọ́síjìn inú ẹ̀ á tán, gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn á kú, wọ́n á sì ṣàn án dànù. Ẹ ò rí ọgbọ́n!

Ẹ wo Discovery Bay ní Jàmáíkà, láàbù University of the West Indies, Thomas Goreau ló dá a sílẹ̀ ní 1965. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní yàrá irin tí wọ́n ń gbé òmùwẹ̀ sí tó bá yára gòkè jù tí náítírójìn wá ń yọ ìfófòó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Wọn ò kúrò létí omi, nígbà tí ìjì Allen jà ní 1980, tí Diadema, ẹ̀dá dúdú ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ koríko omi kúrò lórí iyùn inú òkun, tún kú lọ rẹpẹtẹ ní 1983, wọ́n ti ní àkọsílẹ̀ bí ibẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Àwa ńkọ́? NIOMR, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí òkun, wà l'Ékòó láti 1975, ṣùgbọ́n Ogun Waterside náà kan òkun, ó tún ní ọ̀sà. N'Íwọ̀pin níbẹ̀, mo kun ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ní dúdú àti funfun, mo so òkúta mọ́ ọn, mo ta kókó sára okùn ẹ̀, a sọ ọ́ sínú ọ̀sà, ibi tí ojú ò ti rí i mọ́ la ti ka kókó, bí wọ́n ṣe ń wọn bí omi ṣe mọ́ tó nìyẹn. Bàbá apẹja kan ní, "Ọmọ mi, ẹ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa rí i pé ó mọ́ ju báyìí lọ." Kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tí bàbá yìí mọ̀ sílẹ̀!

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa tó ń ṣe nǹkan fún ìlú lè fi ìwé àkọsílẹ̀ kan, ọkọ̀ kékeré àti ìdérí bíi tèmi bẹ̀rẹ̀ láàbù tiwa. Tó bá wá kan táǹkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra sólà àti jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó ra maikirosíkóòpù, torí bí NEPA bá mú iná lọ lóru tí pọ́ǹpù dákẹ́, kílẹ̀ tó mọ́, ẹja inú táǹkì ti kú.