Wúrà yí àwọ̀ padà lójú mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ léésà, ẹ̀rọ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ alágbára, ni, ayọ̀ ò sì jẹ́ kí n lè jókòó. Wúrà tín-ínrín, tí kò nípọn ju nanomita 10 lọ (tí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ni nanomita), la tẹ́ sórí gíláàsì. Tí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ ewé tó pò mọ́ búlúù.

Léésà bà á fírí, wúrà yọ́, ó sì ṣù jọ bí omi lórí ewé kókò. Ló bá di pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́! Wúrà kan náà o, a ò fi nǹkan kan kún un. Àwọn hóró kéékèèké yẹn ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà nítòsí nanomita 520, tí pupa fi ń ráyè kọjá.

Bí wọ́n ṣe tò ló wú mi lórí jù. A pín léésà sí méjì, a jẹ́ kí méjèèjì pàdé lórí wúrà náà, ìlà tó gbóná àti ìlà tó tutù sì ń tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Ibi tó gbóná ni wúrà yíyọ́ ti ń sá lọ síbi tó tutù, gbogbo hóró sì tò lórí ìlà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti rí irú èyí rí? Ṣé fàdákà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín?