Ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ mi nípa aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí kíláàsì

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, ní ìlú Kàbà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní abúlé kan ní ilẹ̀ Bùnú, kí wọ́n tó dá mi padà sí Kàbà gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ipò yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ aṣọ àwọn olùkọ́ di iṣẹ́ mi, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ ń wá: òbí tí ìmúra olùkọ́ kan kò tẹ́ lọ́rùn, olùkọ́ tí wọ́n bá wí níṣojú akẹ́kọ̀ọ́ tí inú sì ń bí i, agùnbánirọ̀ tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí òun wọ̀ ní ọjọ́ tí kò bá wọ kakí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé aṣọ olùkọ́ wà lára irinṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà tí a bá fẹ́ ṣe lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ náà wá, kì í ṣe láti inú ohun tí ojú ọ̀gá fẹ́ràn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò wá ju bí a ti rò lọ. Fún ìṣẹ́jú 40 tí kíláàsì kan sábà máa ń gbà, ojú gbogbo wọn wà lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì ń rí bọ́tìnì tí ó já, wọ́n ń rí bàtà tí a kò nù. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ní ìpéjọpọ̀ òwúrọ̀ kan, a dá ọmọkùnrin kan dúró nítorí pé kò ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí olùkọ́ òun ṣe ń wọ tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí àfojúdi kankan nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó rí èsì fọ̀ nínú gbogbo àwa olùkọ́ tí a wà níbẹ̀. TRCN, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí òfin kan ní 1993 gbé kalẹ̀, ní ìwé ìlànà ìwà fún àwa olùkọ́, ìwé náà sì kà wá sí àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́. Ohun tí ọmọ yẹn sọ fún wa kò yàtọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe òfin aṣọ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní Bùnú, ọ̀kadà ni púpọ̀ nínú wa ń gùn lọ láti Kàbà, ní àkókò ọyẹ́ sì rèé, erùpẹ̀ pupa yóò ti bò wá láti orí dé ẹsẹ̀ kí agogo àkọ́kọ́ tó lù. Síkẹ́ẹ̀tì tí ó fún mọ́ra, tí àwọn kan kà sí aṣọ iṣẹ́ tí ó péye jù lọ fún obìnrin, kò bá ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu rárá. Bí obìnrin bá jókòó gba ẹ̀gbẹ́ kan lórí ọ̀kadà, ewu ni. Bí ó bá sì fa síkẹ́ẹ̀tì náà sókè kí ó lè jókòó dáadáa, ìhòòhò tí òfin ń sá fún náà ni a tún fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ìyá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ni ó kọ́ mi ní ohun tí ń ṣiṣẹ́: síkẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀ tí ó sì kọjá orúnkún, ìró kékeré kan tí a lè ró lé e lórí títí a ó fi dé ilé-ìwé, bàtà kíláàsì nínú ọ̀rá, àti aṣọ ìnujú nínú àpò. Mo gba ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé lọ sí abúlé níyànjú pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin.

Nípa àwọ̀ aṣọ, ṣòkòtò dúdú àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sí pátákó kì í pẹ́ hàn lára aṣọ dúdú. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ ilẹ̀, tàbí aṣọ tí ó ní àwòrán wẹ́wẹ́ dára jù fún ẹni tí yóò máa kọ̀wé tí yóò sì máa nu pátákó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Aṣọ olówùú ni kí a rà bí agbára bá ká a, nítorí ooru ẹ̀ẹ̀rùn ní agbègbè wa kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú dáadáa nínú aṣọ tí kò gba atẹ́gùn. Ohun tí owó oṣù olùkọ́ lè rà kò pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí aṣọ. Òkìrìkà tí a ṣà dáadáa ní ọjà Kàbà, tí a fọ̀, tí a gbé fún aránṣọ kí ó bá wa fà á wọ̀n, yẹ olùkọ́ ju aṣọ tuntun tí kò bá a lára mu. Bí iná mànàmáná bá dé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a lọ gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tọ́jú áyọ́ọ̀nù eléèédú fún ìgbà tí kò bá dé.

Ní yàrá sáyẹ́ǹsì, apá aṣọ tí ó fẹ̀ lè ràn mọ́ iná, nítorí náà bùbá alápá gbọọrọ àti agbádá kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Kóòtù funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó rà á. Ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá kò gbọdọ̀ fi jẹ́sì jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ táì àti aṣọ ìbílẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni púpọ̀ nínú ìmúra olùkọ́ tí a mọ̀ ti wá. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì kan tí ó wá láti Kánádà, dé ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí kan náà, ní 1908, orúkọ rẹ̀ sì ni a fi sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951. N kò kẹ́gàn ìmúra yẹn, ó kọ́ wa ní ìmọ́tótó àti ètò. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a fi ní láti so táì mọ́ ọrùn nínú ooru kí a tó lè kà wá sí olùkọ́, nígbà tí bùbá àti ṣòkòtò tí a rán dáadáa wà. Ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò ṣàìmọ aṣọ. Àwọn ìyá wa ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró, àwọn obìnrin Bùnú sì hun aṣọ ìpò pupa tí a fi ń sin àwọn àgbà olóyè, ẹnikẹ́ni kì í sì í ró irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sí oko. Àwọn baba wa mọ̀ pé aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ń wọ̀ ọ́ dé. Nítorí náà, bí a bá fàyè gba aṣọ ìbílẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí a rán fún iṣẹ́. Léèsì àti gèlè òde ìgbéyàwó kò bá kíláàsì mu, pàápàá níwájú ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tíì lè ra yunifọ́ọ̀mù kejì fún.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń lo òfin aṣọ. Obìnrin ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀. Mo ti rí i rí tí wọ́n dá olùkọ́ obìnrin kan padà sí ilé láti ìpéjọpọ̀ òwúrọ̀, níṣojú àwọn ọmọ tí yóò kọ́ ní ìṣirò ní wákàtí kan sí i, nígbà tí ọkùnrin tí ó wọ sálúbàtà dúró ní ìlà kan náà tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Àwọn ọmọ yẹn kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́ ní sáà náà, gbogbo ìsapá rẹ̀ kò sì tún un ṣe. Nígbà tí ó kàn mí, mo pe gbogbo olùkọ́ jọ, a jọ kọ ìlànà sínú ìwé, ti ọkùnrin ṣáájú, ti obìnrin tẹ̀lé e, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé híjáàbù àwọn Mùsùlùmí obìnrin kò lòdì sí ìlànà, àti pé aláboyún yóò wọ ohun tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. A fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin lé ìyá kan tí ó dàgbà jù nínú wọn lọ́wọ́, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ yóò sì gbọ́ ọ ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, tí a ti ń ṣe gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé láti 1994, ti di ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń fi dandan mú olùkọ́ ra àǹkárá ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde iye rẹ̀ láti ìparí sáà kẹta, kí àwọn tí ó bá fẹ́ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí kò bá sì ní agbára rẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó mọ́ wá, kí ó sì bá àwọn yòókù dúró nínú àwòrán.