Ogún Owó Ẹyọ Lójú Smart Board

Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó dúdú fún kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa rí nígbà mẹ́rin. Àmì tó wà lórí lẹ́tà ló gbé ìtumọ̀ dání, àmì ọ̀hún sì ni eruku ṣọ́ọ̀kì kọ́kọ́ ń jẹ. Níbi báyìí ni smart board, pátákó oníná tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, ti ń gba owó tí wọ́n fi rà á: lẹ́tà á dúró sójú kan, àmì nìkan ni yóò máa rìn. Ọmọ á fi ìka ara rẹ̀ wọ́ àmì òkè láti ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, á gbé e lé orí ọ tó kẹ́yìn, ọkọ ìyàwó á sì di ọkọ́ tí a fi ń roko lójú gbogbo kíláàsì.

Tí ẹ̀kọ́ yín kò bá ní ohun tó ń rìn báyìí, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù náà sùn. Kí tíṣà ṣí ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kún bámú, kó máa kà á fún àwọn ọmọ, ìyẹn ò ju ìwé tí wọ́n tan iná sí lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lára ògiri yín. Ilé iṣẹ́ SMART ní Kánádà ló gbé tirẹ̀ jáde ní 1991, orúkọ rẹ̀ sì ti di ti gbogbo wọn, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kálukú ń gbà mọ̀ pé a fọwọ́ kàn án yàtọ̀ síra, àìsàn wọn náà sì yàtọ̀. Irú kan ní awọ méjì tí àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, awọ méjèèjì á kanra. Ohunkóhun tó bá lè tẹ̀ ẹ́ la lè fi kọ̀wé, ìbáà jẹ́ ìka tàbí ẹ̀yìn bírò, ṣùgbọ́n tí nǹkan ṣóńṣó bá gún awọ yẹn, ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Irú kejì kì í gbọ́ ti ìka rárá, kálàmù tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí kálàmù bá sọnù, ògiri funfun lẹ ní. Nítorí náà, ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì ti èkejì mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Irú kẹta ló pọ̀ jù báyìí, pàápàá lára àwọn tó rí bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá. Férémù rẹ̀ ń ta iná tí ojú kì í rí kọjá síwájú gíláàsì. Ohun tó bá dí iná yẹn lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀dù á kà á sí ìka. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti apá aṣọ gígùn. Ọmọ lè máa fi ìka kọ A, kí apá aṣọ rẹ̀ máa fa ìlà mìíràn nísàlẹ̀. Ọmọńlé tó ń lé kòkòrò lójú iná náà lè yí ojú ewé padà fún yín. Tí bọ́ọ̀dù bá ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, ẹ má tíì pe ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo inú férémù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní pàtàkì, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ kan ti lẹ sítíkà mọ́ ọn, kí ẹ sì fa kọ́tìnì sí oòrùn tó ń wọlé tààrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàhálà parí síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo projector, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sójú bọ́ọ̀dù, ni, ìṣòro tirẹ̀ ni pé ìka wà níhìn-ín, ìlà ń jáde lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ti fara gbá projector tàbí tábìlì tó gbé e. Ẹ ṣí calibrate, ibi tí a ti ń mú kí ìka àti ìlà bára mu, ẹ fi orí kálàmù tẹ àárín gbogbo àmì àgbélébùú tó bá yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Tí projector bá wà lórí tábìlì, ẹ máa tún un ṣe ní àràárọ̀. Tí wọ́n bá kàn án mọ́ òkè ògiri, ó lè pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sítòsí bọ́ọ̀dù, lókè orí, ló yẹ àwọn ọmọdé. Èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn tànmọ́lẹ̀ á sọ òjìji ọmọ lé orí ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn, á sì tàn sí i lójú nígbà tó bá yíjú padà sí kíláàsì. Ẹni tó bá sì fi máákà gidi kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, kó má fi omi fọ̀ ọ́. Kó fi máákà tó ṣeé nù kọjá lórí ìlà náà, kó nu méjèèjì pọ̀ nígbà tí yíǹkì rẹ̀ ṣì tutù.

Ó yá, ẹ̀kọ́ àmì ohùn. OpenBoard, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù, ni kí ẹ lò: ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì bìkítà irú bọ́ọ̀dù tí ẹ ní. Ẹ tẹ ọkọ sí àárín ojú ewé láìsí àmì ohùn kankan, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì abẹ́ sílẹ̀, torí lẹ́tà ni ọ, kì í ṣe o tí a fi nǹkan sí nídìí. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà tóbi tó sẹ̀ǹtímítà 5 lójú bọ́ọ̀dù tí ọmọ tó kẹ́yìn bá wà ní mítà 8 sí i. Sẹ̀ǹtímítà 4 á tó fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tiwa ní nǹkan lókè, ó ní nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà kí férémù rẹ̀ yọ, ẹ ṣí mẹ́nù rẹ̀, kí ẹ yan Locked tí kò ní jẹ́ kó rìn. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, ọmọ àkọ́kọ́ tó bá jáde, ọ̀rọ̀ ló máa wọ́ lọ dípò àmì.

Àwọn àmì ńkọ́? Ẹ má tẹ̀ wọ́n láti orí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi kálàmù tó nípọn fa ìlà kan ṣoṣo fún àmì òkè, pupa. Ìlà kan fún àmì ìsàlẹ̀, búlúù. Ìlà kọ̀ọ̀kan á di nǹkan tó ṣeé gbá mú. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn ní méjì méjì, kí ẹ tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, kì í ṣe sókè. Ọmọ ọdún mẹ́fà á na apá títí kò ní dé òkè bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn fún tíṣà, àpótí tí wọ́n bá sì gbé fún un láti gùn á ṣubú lọ́jọ́ kan. Àárín kò ní àmì, ẹ má fún un ní nǹkankan.

Kíláàsì á kọ́kọ́ pè é lóhùn: re re. Ẹ sọ pé, "Ẹ fún mi ní èyí tí bàbá àgbẹ̀ ń gbé lọ oko." Ọmọ wọ́ pupa lé ọ kejì, gbogbo kíláàsì dáhùn: re mí, ọkọ́. Ó gbé pupa kúrò, ó fi búlúù sí i: re dò, ọkọ̀, èyí tí a ń wọ̀ lọ Ìbàdàn. Ó fi búlúù kejì sórí ọ àkọ́kọ́: dò dò, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Ojú ewé kejì lè jẹ́ igba, igbá, ìgbà, igbà. Iye òǹkà (200), ohun èlò, àkókò, àti ohun tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ wá àwòrán sí i, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ò rí i rí.

Àṣìṣe kan wà tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì sí lọ́wọ́ tíṣà. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní ààyè tirẹ̀ bíi lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ ni wọ́n mú, wọ́n wá so àmì mọ́ ọn. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tí kò mọ iṣẹ́ á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí ṣófo sí i. Andika ni kí ẹ lò: fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n ṣe ya á, a àti g inú rẹ̀ sì rí bí ọmọ ṣe ń kọ wọ́n lọ́wọ́. Noto Sans náà dára. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà kíláàsì gan-an ni kí ẹ fi í sí. Ẹni tó bá múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nílé pẹ̀lú Andika, tó wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní in, á bá àwọn àmì nílẹ̀ bíi èkùrọ́ tó dà. Tí ẹ ò bá ní àṣẹ láti fi fọ́ǹtì sí i, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán nílé, kí ẹ wá kó àwòrán wọlé. Kí ẹ sì pa ohun tó ń sọ ìwé àfọwọ́kọ di lẹ́tà títẹ̀ tí bọ́ọ̀dù yín bá ní in. Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́, á pa gbogbo àmì yín rẹ́.

Òǹkà ni ẹ̀kọ́ kejì tí mo rò pé bọ́ọ̀dù yìí bá mu. Ọmọ tó ti ń ka fifteen, sixteen nílé máa ń kọsẹ̀ níbi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ibẹ̀ ni òǹkà wa ti ń yíjú padà. Mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, à ń yọ kúrò nínú ogún. Ẹ jẹ́ kí ojú rí i. Ẹ tò owó ẹyọ 20 sí ìlà kan, ẹ ya igbá kan sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ á wọ́ ẹyọ mẹ́rin sínú igbá. Kí ló kù? Wọ́n kà á: mẹ́rìndínlógún. Orúkọ náà ti wà lójú bọ́ọ̀dù, mẹ́rin dín ní ogún. Tí èyí bá ti wọlé, ẹ lọ sí 45. Ìlà ogún mẹ́ta, ọgọ́ta nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. Ẹ yọ márùn-ún sí i, márùndínláàádọ́ta. Ó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ má kó o jọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ lè ya fọ́tò ẹyọ gidi kan lórí aṣọ dúdú. Ṣùgbọ́n fọ́tò fóònù máa ń tóbi tó MB 4, tí ẹ bá wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà 60, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ bí ìgbín, ọmọ á ti gbé ìka kúrò kí ẹyọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 150 kí ẹ tó kó o wọlé. Ìlà tí kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án, ẹ fi Locked ti òun náà.

Ọmọ kan wà lójú bọ́ọ̀dù, mọ́kàndínláàádọ́ta jókòó. Ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọmọ 50 jẹ́ ìṣẹ́jú 100, ẹ̀kọ́ kan ò sì ju 40 lọ. Síléètì ni oògùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó jáde, gbogbo wọn á kọ ìdáhùn sórí síléètì tàbí bébà, wọ́n á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wò yíká, ẹ ó sì pe ọmọ kan tó gbà á àti ọmọ kan tó ṣì í. Méjèèjì á wọ́ tiwọn lójú bọ́ọ̀dù, kíláàsì á dájọ́. Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó jáde láàárín 40 ìṣẹ́jú tó, bí ẹ bá ń fi àmì sí orúkọ wọn kí ó má baà jẹ́ àwọn tó wà níwájú nìkan ni ẹ ń pè. Àwọn tó ń na ọwọ́ sókè jù kì í sábà jẹ́ àwọn tó nílò rẹ̀.

Iná wá. Projector á jẹ nǹkan bíi wáàtì 250, láptọ́ọ̀pù 60, agbóhùnsókè kékeré 10: 320 ni gbogbo rẹ̀. Bátìrì olómi kan, fóltì (V) 12, áńpíà-wákàtí (Ah) 200, ní wáàtì-wákàtí 2400 nínú, ṣùgbọ́n ìlàjì ni kí ẹ lò tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, 1200. Inverter á jẹ bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìyẹn, ó ku bíi 1000. Ẹ pín in sí 320, wákàtí mẹ́ta ni, ìyẹn ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń tàn án láti àárọ̀ fún orin àti eré, NẸ́PÀ kọ́ ló ń ba bátìrì wọn jẹ́. Tí projector bá ní eco, èyí tó ń dín iná tó ń jẹ kù, ẹ tẹ̀ ẹ́; kíláàsì tó bá ní kọ́tìnì ò ní mọ ìyàtọ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹyọ kan fún ọmọ mẹ́ta ti tó: ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ń kà á jáde, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò ní ìṣẹ́jú 10 10. Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan, á fún wọn ní fídíò àti ìdánwò láti orí láptọ́ọ̀pù kan tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, nípasẹ̀ Wi-Fi inú kíláàsì, láìra dátà. GCompris, àkójọ eré ẹ̀kọ́, dára fún àwọn kéékèèké. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá àtúnṣe Windows dúró títí ilé ẹ̀kọ́ á fi parí, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ̀kọ́ ti tán nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi bọ́tìnì pa projector, kí ẹ má fa wáyà rẹ̀ yọ. Fáànù á ṣì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí gílóòbù tó tutù. Tí iná bá lọ lójijì kí ó tó parí, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tún un tàn títí ìṣẹ́jú 15 á fi kọjá. Ara inverter sì ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ara iná ìta.