Ẹ̀rọ ọkàn: bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ bá ẹni tó ní in ní Manchester, àti bí ì bá ṣe rí ní Ìbàdàn

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi Manchester wé Ìbàdàn, kì í ṣe òtútù ni mo máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà, iná ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tá a jọ ń gbé níbí, iná ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ débi pé oògùn ò ká a mọ́, wọ́n wá la àyà ẹ̀, wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní HeartMate 3 sí ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, torí apá ibẹ̀ yẹn ló máa ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ọkàn tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, wọn ò yọ ọ́, pọ́ǹpù yẹn kàn ń bá a ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni. Wáyà kan gba inú awọ ikùn ẹ̀ jáde, ó wọ inú kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà ní ìgbànú, bátìrì méjì ló sì ń gbé e, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, lábẹ́ ẹ̀wù. Bátìrì méjèèjì lè gbé e tó wákàtí 17, tó bá wá dalẹ́ á yọ bátìrì, á fi ara ẹ̀ so mọ́ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kó tó sùn.

Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ẹ lè má gbọ́ kí ìṣàn kankan lù níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ tààrà ni, kì í fò bíi tiwa, nítorí náà ẹ̀rọ BP tá a mọ̀ yìí kì í sábà kà á, Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró tẹ́tí sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, ni wọ́n fi máa ń gbọ́ ọ. Màmá wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá lórí fóònù, wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe máa wà láàyè kí ọwọ́ ẹ̀ má lù.

Níbí, ilé-iṣẹ́ iná ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Priority Services Register, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbé ẹ̀mí ẹ̀ ró máa ń forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ tún wáyà ṣe ládùúgbò, wọ́n á ti sọ fún wa ṣáájú, tí iná bá sì ṣèèṣì lọ, nọ́ńbà tá a máa pè wà. Nílé ńkọ́? Àwọn tó wà lórí Band A ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún nígbà tí wọ́n fowó lé iná ní April 2024, ìyẹn ni pé ẹni tó ń san owó tó wọ́n jù pàápàá, wákàtí mẹ́rin ṣì wà lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí nǹkan kan fún un, ká má tíì sọ ti àwọn tó kù. Ọdún yẹn kan náà ni grid ń wó lulẹ̀ tó ń dìde tó tún ń wó, tí gbogbo orílẹ̀-èdè á wà lókùnkùn.

Àwọn èèyàn wa níbí, tí wọ́n bá rí wáyà yẹn, ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ ni pé "hà, ẹni yìí ò lè padà sí Nàìjíríà, NEPA á pa á." Mo máa ń sọ fún wọn pé iná kọ́. Pọ́ǹpù yẹn ò jẹ iná púpọ̀, èyí tó ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti gílóòbù LED kan lọ, ẹni tó bá ní sólà àti ínfátà tó dáa ní Bódìjà tàbí Akóbọ̀ á ṣájì bátìrì ẹ̀ láìsí wàhálà, ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ti ń fi sólà lo fíríìjì. Ohun tó ṣòro ni gbogbo nǹkan tó yí pọ́ǹpù yẹn ká, àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í rí tá a bá ń fi fọ́tò bátìrì han àwọn ará ilé.

Àkọ́kọ́ ni pé ta lẹ máa pè. Tí ẹ̀rọ yẹn bá dún láàárín òru, nọ́ńbà kan wà tá a máa pè, nọ́ọ̀sì tó mọ pọ́ǹpù yẹn látòkèdélẹ̀ ló máa gbé e, á ní kí n ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn fún òun, á sì sọ ohun tí mo máa ṣe. Kọ̀ǹpútà mìíràn ṣì wà nínú báàgì tí ò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹ̀gbọ́n mi, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì la ń lọ, ì báà ṣe ilé ìtajà Asda. Ọsibítù tó ń pààrọ̀ ọkàn fún àgbàlagbà ní gbogbo UK, mẹ́fà péré ni, Wythenshawe ní Manchester níbí, Harefield, Papworth ní Cambridge, Birmingham, Newcastle, àti Golden Jubilee lápá Glasgow, ìyẹn ni pé níbí gan-an kì í ṣe gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n. A ti dé ọsibítù kan rí tí nọ́ọ̀sì wọn wá ìṣàn ọwọ́ ẹ̀ tì tó fẹ́ máa pariwo, èmi ni mo ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ò jìnnà ju orí fóònù lọ. Ní Ìbàdàn ta ni mo máa pè ní aago méjì òru? Àwọn dókítà ọkàn tó dáńtọ́ wà níbẹ̀, mi ò bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọn kì í fi sára èèyàn níbẹ̀, ta ló máa jókòó ti fóònù rẹ̀ lóru?

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú pọ́ǹpù, wàhálà dé, tó bá tún fúyẹ́ jù á máa ya láti inú ìfun tàbí nínú ọpọlọ, torí náà warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ni wọ́n fi ń dì í mú, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ kékeré nílé tó fi ń gún ìka, á pe nọ́ọ̀sì, wọ́n á sọ iye warfarin tó máa lò lálẹ́ yẹn. Ibí yìí ni oúnjẹ wa ti kó wọ ọ̀rọ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugu, ewédú, vitamin K wà nínú gbogbo wọn, ó sì máa ń ba agbára oògùn yẹn jẹ́. Wọn ò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́ o, wọ́n ní kó máa jẹ iye kan náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kó má jẹ́ pé lónìí odidi abọ́ ẹ̀fọ́ rírò, lọ́la kò sí, ọ̀túnla inú àwẹ̀. Àgbo ni wọ́n kọ̀ pátápátá, àǹtí kan láti Peckham ti fi ìgò méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́, mo dà á nù lójú ẹ̀gbọ́n mi kí n lè sùn. Maggi pẹ̀lú iyọ̀, ẹ sáà ti mọ̀. Nílé, ìlú tí àgbo ti ń kọjá lójúde yín láàárọ̀, tó jẹ́ pé láàbù tó máa yẹ INR wò lè wà ní òdìkejì ìlú, tí ẹ máa san owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti dá gbogbo ètò náà rú.

Ojú ibi tí wáyà ti jáde náà ńkọ́? A gbọ́dọ̀ máa nù ún ká sì máa pààrọ̀ báńdéèjì ẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, tí kòkòrò bá gba ibẹ̀ wọlé ó lè tẹ̀lé wáyà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Kò lè wẹ̀ lódò láéláé, tó bá fẹ́ wẹ̀ nílé báàgì pàtàkì wà tó máa kó ẹ̀rọ sí. Mo ronú ooru March ní Ìbàdàn, òógùn, eruku, omi kànga, mo tún ronú ẹnu ọ̀nà báńkì tó máa ń dún tí irin bá kọjá, pẹ̀lú sìkíọ́rítì tó máa rí bátìrì àti wáyà lábẹ́ agbádá àgbà ọkùnrin. Á pẹ́ kó tó ṣàlàyé tán.

Ibi tí ilé fi dáa ju ibí lọ, kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n tó fi pọ́ǹpù yẹn sí i, wọ́n béèrè pé ta ló máa tọ́jú ẹ̀ nílé, wọ́n ní ẹni náà gbọ́dọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì àti báńdéèjì. Èmi nìkan ni, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òru. Àwọn tí kò lẹ́nì kankan níbí, ìyẹn lè di ìdènà fún wọn. Àbúrò màmá wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, ọkàn tiẹ̀ náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ máa ń wú, mímí máa ń nira tó bá sùn tẹ́ẹ́rẹ́, oògùn nìkan ló ń lò, àmọ́ èèyàn ò kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ọmọ, ọmọ ọmọ, aládùúgbò, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìjọ. Ó gbà pé kò sí ọjọ́ tí òun jẹun nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ ọ́ fún mi pé Àǹtí ní èèyàn, òun ní ẹ̀rọ.

Ní ti owó, mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọn ò bi wá léèrè kọ́bọ̀ kan fún iṣẹ́ abẹ yẹn, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ máa gbé bàbá yín wá láti ilé lórí físà àbẹ̀wò kí wọ́n wá fi pọ́ǹpù sí wọn, ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ẹ̀ ni wọ́n máa bù fún un. Ọmọ bàbá wa tó wà ní Houston sọ pé lọ́dọ̀ tàwọn, ẹni tí kò ní gba ọkàn míì lè gbé pọ́ǹpù títí ayé ẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí ìyẹn ní Amẹ́ríkà láti 2002. Níbí, ẹni tí wọ́n ń retí pé ó lè gba ọkàn lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n sábà ń fi í sí lára. Nílé, dìpọ́síìtì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ bí àyà yín ṣe ń lù.

Kì í ṣe pé a ò ní ọlọ́wọ́ abẹ. Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọkàn ní Nàìjíríà, ọdún 1974. Lónìí wọ́n ń pààrọ̀ fáàfù, wọ́n ń dí ihò ọkàn ọmọdé, wọ́n ń ṣe bypass, ìyẹn ni pé wọ́n ń la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀ tí tọkàn bá dí, ní Èkó, ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ní ọsibítù yunifásítì Babcock. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọkàn èèyàn kan sáyà èèyàn míì, Cape Town, ọjọ́ 3 December 1967, ọkùnrin tí wọ́n fi sí lára gbé ọjọ́ 18 lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìwé àwọn tó ń retí ọkàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè lọ sílé lọ sin bàbá wa. Ọkàn tí wọ́n bá yọ tí wọ́n sì tò sínú yìnyín, wákàtí mẹ́rin péré ló sábà ní, ẹni tí wọ́n fẹ́ fún gbọ́dọ̀ wà nítòsí, tó bá kúrò nílùú wọ́n máa yọ orúkọ ẹ̀ fún ìgbà yẹn. Òfin ti wà ní England láti May 2020 pé gbogbo àgbàlagbà, àfi ẹni tó bá kọ̀ tàbí tí òfin yọ sílẹ̀, ni wọ́n máa kà sí ẹni tó gbà kí wọ́n mú ẹ̀yà ara òun, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa máa ń kọ̀ níbí, mo mọ̀ ọ́n, mo ti jókòó sínú irú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n ní a ò lè sin èèyàn láìpé. Ó dùn mí, torí mo mọ àwọn tó ń retí.

Tí wọ́n bá ní kí n yan ohun tí Nàìjíríà máa kọ́kọ́ ra, mi ò ní mú pọ́ǹpù. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, tí wọ́n gbé jáde ní 2012, ọjọ́ orí àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ jẹ́ bíi ọdún 52 ní ìpíndọ́gba, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fà á fún èyí tó sún mọ́ ìdajì wọn. Níbí, ẹni tí wọ́n ń rí irú ẹ̀ lára rẹ̀ sábà máa ń lé ní 70. Ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣì máa kó ọmọ lọ sí yunifásítì ló ń dé bá tiwa. Àǹtí mi tó wà ní Ìbàdàn yẹn bí gbogbo ọmọ ẹ̀ sí ọsibítù, wọ́n wọn ọmọ, wọn ò sọ fún un rí pé ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ti ga, oògùn tí ì bá sì dá a dúró nígbà yẹn ò wọ́n rárá. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tiẹ̀ báyìí ní ilé oògùn kan ní Mọ́kọ́lá, ó ga díẹ̀, dókítà ti kọ oògùn fún un, èmi ni mò ń fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, ó sì ń fi fọ́tò nọ́ńbà BP yẹn ránṣẹ́ sí mi.