Àyẹ̀wò Ọdún: Aṣojú Yunifásítì Olórúkọ Mẹ́rin

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo rántí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò wà níbẹ̀, gààrí wà níbẹ̀, iná tí wọ́n mú lọ ní Ìwòròkó tí gbogbo wa ń gbé fóònù kiri ìdí jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ìyókù ti wọmi. Oṣù Kejì ni mo fi ń mọ ọdún 2025, òun ló sì gbé oṣù Kẹsàn-án dání.

Ẹ rántí pé wọ́n yàn mí ṣe aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ fún EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo sì rí gbogbo yín. Èmi tí ohùn mi máa ń gbẹ tí olùkọ́ bá ti pe orúkọ mi ni wọ́n fún ní ṣẹ́ẹ̀tì, bánà àti ìwé pélébé, pé kí n máa lọ bá àwọn ọmọ SS3 sọ̀rọ̀ kí títa fọ́ọ̀mù JAMB tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun kan náà ni mo ń tún sọ láti Ìkọ́lé dé Ìjerò: gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe rí nígbà náà, kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan, ẹni tó fẹ́ ka Nọ́ọ̀sì kò lè fi Jọ́gíráfì rọ́pò Físíìsì, tí wọ́n bá ti fún ọ láyè, yáa wọ CAPS, ojú òpó ìgbaniwọlé JAMB, kí o lọ gbà á. Tí wọ́n bá bi mí ní ti owó, mo máa ń sọ fún wọn nípa NELFUND, ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, pé ó ń san owó ilé ìwé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Ibẹ̀ ni ọmọ kan ti máa ń ní, "Aǹtí, FUOYE ńkọ́?" Yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ nìyẹn; Ọ̀yẹ́ ò jìnnà, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni. Mo máa ń ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

A wá dé ilé ẹ̀kọ́ tí Dáddì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ mọ Dáddì. Ta ló máa gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ síbẹ̀ tí kò ní tẹ̀ lé e? Ó wọ agbádá. Agbádá, nítorí JAMB! Ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú àpòòwé lórí itan, ó ṣèlérí fún mi pé òun ò ní sọ nǹkan kan.

Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní òun gbọ́ pé ilé ìwé yìí máa ń pààrọ̀ orúkọ. Tí òun bá parí tán, tí orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì òun ò sí mọ́ ńkọ́? Mo la ẹnu báyìí, agbádá ti dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1982, tí ìjọba Ajásin, gómìnà Oǹdó nígbà náà, dá a sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣì ń jẹ́ Ifẹ̀. Ní 1985 ó di Ondo State University, orúkọ tí Dáddì bá níbẹ̀. Ní 1987 Ifẹ̀ gba Awólọ́wọ̀. Wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996, lẹ́yìn náà Adó di UNAD, Yunifásítì Adó-Èkìtì, Oǹdó kó orúkọ tirẹ̀ lọ sí yunifásítì tirẹ̀ ní Àkùngbá; Àkùngbá náà tún bọ́ ọ sílẹ̀, ó gba ti Ajásin. Ní 2011 wọ́n da yunifásítì Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì pọ̀ mọ́ UNAD, ó di EKSU. Dáddì wá fa sátífíkéètì yọ, ó gbé e sókè. "Orúkọ tó wà lórí èyí ti kúrò nílé, Àkùngbá ló kú sí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé lóṣooṣù."

Àtẹ́wọ́ sọ. Èmi tí mo gbé bánà, omi inú ọ̀rá ni wọ́n fún mi.

Ẹ ti ka ti oṣù Kẹsàn-án, tí Dáddì fi wá sílẹ̀, mi ò ní tún un kọ. Ẹ̀yin tí ẹ wá sí Adó, ẹ̀yin tí ẹ fi owó ránṣẹ́, Màmá Oníyán tó ní kí n má san gbèsè mi mọ́ (mo ti jẹ òmíràn, Mà), ẹ ṣé gan-an ni.

Ọjọ́ tí a kó ìwé Dáddì lọ sí ọ́fíìsì kan, akọ̀wé wo sátífíkéètì yẹn, ó ní ṣé Àkùngbá ni bàbá wa ti kàwé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 1982. Mi ò fo ọdún kankan, ohùn mi ò sì gbẹ. Nígbà tí mo parí, Bọ̀dá Káyọ̀ ní kí n kúkú ta fọ́ọ̀mù JAMB fún obìnrin náà. A rẹ́rìn-ín dé ìdí ọkọ̀, níbi tí eruku ti kó sí mi lójú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà o, ṣùgbọ́n eruku ni.

Ọmọkùnrin oníbéèrè yẹn wọ FUOYE. Ọ̀dàlẹ̀! Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ rí Nọ́ọ̀sì gbà lọ́dọ̀ wa, ó sì ti mọ ibi tí mo ń tọ́jú gààrí sí.

Wọ́n ní kí n tún ṣe aṣojú lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti gbà. Ọdún àṣekágbá mi nìyí, projẹ́ẹ̀tì mi kò tíì kúrò ní orí kejì. Kí ìjọba ṣáà bá mi fi orúkọ yìí sílẹ̀ títí n ó fi gba sátífíkéètì tèmi. Ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ò sí nílé mọ́, bánà tuntun sì ti wọ́n.