Kimchi ẹran yíyan: ẹ̀kọ́ tí iyọ̀ àti ọjọ́ kọ́ mi

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní Ansan, ìlú tí mo gbé ní Kòríà, mo pe àwọn mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá jẹ samgyeopsal, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, nílé mi. Mo ra ẹran lọ́wọ́ alápatà, mo fọ ewé lẹ́tùsì, mo rẹ́ áyù, mo sì gbé kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí a jẹ́ kó kan, èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, kalẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ṣe é. Wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n jẹ ewé tán, abọ́ kimchi mi kò dín. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn mú ewé kan, ó tọ́ ọ wò, ó rọra sọ fún mi pé, "Kò tíì jiná." Mo yára fẹ́ gbé e sórí iná. Ó mi orí. Kì í ṣe iná ló ń wí, ọjọ́ ló ń wí.

Ní èdè Kòríà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ikda, ni wọ́n ń lò fún èso tó pọ́n, fún ẹran tó jiná, àti fún kimchi tó ti kan dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń gbìyànjú rẹ̀ nílé kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni samgyeopsal, ẹran àti ọ̀rá tò léra ní ìpele mẹ́ta. Bí kò bá sí ohun kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í pẹ́ sú ni. Kimchi tí a ṣe lánàá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kà á padà sẹ́yìn: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú fíríìjì. Bí ẹ kò bá ní ìyẹn, ẹ ra èyí tó ti kan lọ́jà, ẹ jẹ́ kí tiyín dúró.

Ìyá onílé mi ló kọ́ mi ní ìyókù. Halmeoni, ìyá àgbà, ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, òun àti àwọn obìnrin ilé tó yí wa ká á kó ara wọn jọ ṣe kimjang, ìyẹn kimchi púpọ̀ tí ìdílé yóò máa jẹ títí òtútù yóò fi lọ. UNESCO ti fi àṣà náà sínú àkójọ ogún àìleèfọwọ́bà tí aráyé ní láti ọdún 2013. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá wọn jókòó, halmeoni fún mi ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sún mọ́ ata rárá. Ìdí abọ́ iyọ̀ ló fi mí sí.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iyọ̀ kíkúnná tí a fi ń se ọbẹ̀ ni mo máa ń wọ́n sí kábéèjì. Iyọ̀ kíkúnná máa ń kún inú ife mọ́ra ju oníhóró lọ, nítorí náà ife kan náà kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Kimchi méjì ni mo dà nù nítorí ìyẹn, pẹ̀lú gbogbo owó ata àti edé tó wà nínú wọn. Iyọ̀ òkun oníhóró ni kí ẹ wá, cheonilyeom ni wọ́n ń pè é. Àwọn erékùṣù Sinan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé iyọ̀ yín lé ìwọ̀n, ẹ má fi ife díwọ̀n rẹ̀.

Kábéèjì gígùn tí wọ́n ń pè ní baechu kan, tó tó kílò méjì, gba nǹkan bí 200 gíráàmù iyọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ la ìdí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya ìyókù sí méjì. Bí ọ̀bẹ bá gé e dé òkè, ewé rẹ̀ á já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ tún ya ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ pò ìdajì iyọ̀ náà mọ́ omi lítà kan, ẹ ri kábéèjì bọ̀ ọ́, kí ẹ wá máa ṣí ewé níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wọ́n ìyókù sí ibi funfun tó nípọn. Etí ewé kò nílò púpọ̀, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kíá ni iyọ̀ ń wọ̀ ọ́. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹ mú ibi tó funfun tó nípọn jù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún pọ́ọ̀ tó ṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá tẹ̀ láìṣẹ́, ó ti tó. Halmeoni kì í wo aago, títẹ̀ yìí nìkan ló ń wò. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú omi tó mọ́, ẹ jẹ ẹ́ wò, kí iyọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ dé nínú asẹ́ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Mo ti kánjú rí níbí, mo fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Omi tó kù nínú rẹ̀ fọ ata kúrò lára ewé, ó sì di ọbẹ̀ pupa wíríwírí nísàlẹ̀ ìgò.

Pípo ata rẹ̀ kò ṣòro tó báyẹn. Ẹ fi ṣíbí ìyẹ̀fun ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ méjì se ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ife omi kan àtààbọ̀, kó tutù. Ẹ̀kọ yìí yóò jẹ́ kí ata dì mọ́ ewé, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kimchi kan yóò sì rí i jẹ. Irú wọn kan náà ló ń mú ògì wa kan, èyí sì ni kò jẹ́ kí òórùn kimchi bà mí lẹ́rù rí: ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ po gochugaru, ata pupa wọn, ife kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, áyù odidi kan tí ẹ lọ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ kékeré àti ìdajì àlùbọ́sà, omi ẹja oníyọ̀ ṣíbí mẹ́rin, saeujeot, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ inú iyọ̀, ṣíbí méjì, àti àlùbọ́sà eléwé. Ẹ rẹ́ gbòǹgbò funfun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní mu tín-ín-rín sí i. Ẹni tí edé kì í bá lára mu, kó yọ edé kúrò, kó wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò omi ẹja náà pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata gbígbẹ tiwa rọ́pò gochugaru ní ìwọ̀n kan náà. Ìyá mi fi ata ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, mo da ife kan sí i, kò sí ẹni tó lè jẹ ju ẹyọ kan lọ. Gochugaru kì í ta tó bẹ́ẹ̀, ó ní adùn díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe lè da odidi ife sí i.

Ẹ fi ata náà pa ewé níkọ̀ọ̀kan, ẹ ká a, ẹ tò ó sínú ìgò, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn jáde. Ẹ má kún ìgò dé ẹnu. Èmi kún un, mo jí láàárọ̀ bá omi pupa lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, nítorí kimchi ń hó bó ṣe ń kan. Bí ilé kò bá gbóná púpọ̀, ọjọ́ kan sí méjì níta ti tó. Fún ẹ̀yin tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ máa tọ́ ọ wò láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti rí i tó ń yọ fóòmù tí òórùn rẹ̀ sì ti yí padà, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí omi rẹ̀ bò ó. Bó bá hu funfun tó dà bí òwú, ẹ dà á nù.

Lọ́jọ́ ẹran, ẹ gbé páànù sórí iná kí apá kan rẹ̀ ga díẹ̀. Ẹran lókè, kimchi nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀rá ń ṣàn sí. Ẹ sun kimchi náà títí etí rẹ̀ yóò fi dúdú díẹ̀. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé ẹran lórí iná. Ẹ tẹ́ ewé sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ẹran, kimchi, áyù àti ssamjang, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà kíki tó ní ata, sí i, ẹ dì í, kó wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ Mùsùlùmí, galbi la máa ń yan bó bá wá, egungun ìhà màlúù tí a rẹ sínú omi sóyà, áyù àti ṣúgà. Ẹran yẹn dùn fúnra rẹ̀, nítorí náà kimchi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́ràn sí i ju èyí tó kan gan-an lọ. Kí ẹ wo ara ike ssamjang dáadáa o, àwọn kan fi ọtí sí i kó má bàa bàjẹ́.

Bí ẹran bá tán, ẹ má fọ páànù. Ẹ gé kimchi tó kù wẹ́wẹ́, ẹ da ìrẹsì sísè sí i pẹ̀lú omi kimchi díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nígbà tí àwọn ará ibiṣẹ́ mi padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìrẹsì yẹn ni wọ́n ń fi ṣíbí ha nígbà tí mo dìde lọ gbé omi wá.